Yìnyín tí Alàájì Abdulkabir Gbé Dé Kemta

Nígbà tí wọ́n fi Alàájì Abdulkabir Adégbóyèga ṣe Ọ̀gá Àgbà Àjọ Ìtọ́jú Ohun Tútù, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ò mì, odò Ògùn ò sì ṣàn padà sẹ́yìn. Àmọ́ lójú tirẹ̀, méjèèjì ṣẹlẹ̀, àwọn oníròyìn ni ò tètè dé. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ò le rárá. Ìjọba kọ́ yàrá ńlá kan sí Alábàtà, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tutù sínú rẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ lè rí ibi kó tòmátì àti ata wọn sí kó má baà jẹrà kí ọjọ́ ọjà tó pé. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí Alàájì ṣe ò ju kó rí i pé ibẹ̀ ń tutù. Ẹ wo irú iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ fún irú ènìyàn ńlá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tó gorí àga ló ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ yàrá náà wá sí ẹ̀yìn ilé òun ní Kemta, nítorí àwọn olè. Olè kankan ò tíì dé Alábàtà rí, ṣùgbọ́n ta ló máa bá ọ̀gá jiyàn? Láti ọjọ́ náà, yàrá tí Alàájì ń sùn ló ń tutù. Ti Alábàtà gbóná débi pé adìẹ ń wá yé sínú rẹ̀, ó sì ń pamọ.

Òfin méjì ló wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Èkíní ni pé ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ kí i kó tó wọlé, kó tún un kí nígbà tó bá wọlé tán, kó sì kí i lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tó bá ń jáde, kó má baà dà bíi pé inú onítọ̀hún dùn láti lọ. Èkejì ni pé ìwé tó bá ní ìròyìn tí kò dùn nínú ò gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì òun, nítorí dókítà ti ní kí òun yẹra fún ìbànújẹ́. Dókítà wo? Ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ wa.

Nígbà tó pé ọdún kan lórí àga, ó pín abọ́ rọ́bà fún gbogbo Kemta. Ọ̀dà ni àwọn ẹlòmíràn fi ń kọ orúkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ tí wọ́n bá ń fún àlejò níbi ayẹyẹ. Alàájì kọ̀, ó ní ọṣẹ á fọ̀ ọ́ dànù láàárín oṣù kan. Ó ní kí àwọn tó ń ṣe abọ́ gbẹ́ orúkọ òun sínú irin tí wọ́n fi ń dà á, kí lẹ́tà náà lè yọ ketekete nísàlẹ̀ abọ́, nínú lọ́hùn-ún. ALÀÁJÌ A. ADÉGBÓYÈGA, Ọ̀GÁ ÀGBÀ. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá jẹun tán nínú abọ́ náà, òun ni yóò kọ́kọ́ rí. Abọ́ náà dára, ó jinlẹ̀, ó nípọn, kò sì sí ilé kan ní Kemta tí kò ní tó méjì tàbí mẹ́ta.

Báyìí ni nǹkan ń lọ títí di oṣù Kẹwàá, tí lẹ́tà fi dé láti ilé ìjọba pé àkókò rẹ̀ lórí àga yóò pé ní oṣù Kìn-ín-ní. Ìgbìmọ̀ kan yóò jókòó, wọn yóò wo ohun tí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ti ṣe, kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọn yóò dá padà sórí àga àti ẹni tó máa gbé àpò rẹ̀ lọ sílé. Ẹ̀rù ba Alàájì. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ẹ̀rù náà ò kéré. Ó rò ó pé kí ni òun ti ṣe, ó rántí abọ́. Ó tún rò ó, abọ́ náà ló tún rántí.

Bó ṣe gbójú sókè, ojú rẹ̀ bọ́ sára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Àwòrán òkè yìnyín kan ní ilẹ̀ Àlásíkà ló wà níbẹ̀, omi tó dì gbagidi títí tó fi ga bí òkè, tó ń tàn yanran, tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ funfun kan sì dúró níwájú rẹ̀ lórí omi. Ọkàn rẹ̀ fò fáyọ̀. Ta ló máa yọ ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí baba ńlá gbogbo ohun tútù?

Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ lọ́jọ́ kejì. “Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ló wí, “ọjọ́ ti pẹ́ tí àwa ọmọ Ẹ̀gbá ti jókòó sábẹ́ òkúta. Òkúta tiwa gbóná. Òkúta tiwọn ní Àlásíkà, omi ni, ó ga ju Olúmọ lọ, ó sì ń rìn. Ó yẹ kí òkúta méjèèjì mọ ara wọn. Èmi ni mo máa lọ bá yín kí i.”

Mọ́nsúrù, igbákejì rẹ̀, bú sẹ́kún. Kò sí ẹkún tó dára tó ti Mọ́nsúrù nínú iṣẹ́ ìjọba. Ó lè fi ojú kan sunkún kó sì máa fi èkejì wá ibi tó máa buwọ́ lù. Ó ní irú ọ̀gá yìí ò tún lè wáyé mọ́, pé ìyá kan ò tún ní í lóyún irú rẹ̀.

Orí Alàájì wú. Ó fi kún un pé bí àwọn tó lọ sí Mẹ́kà ṣe ń gbé omi sàmúsámù bọ̀ láti pín fún ará ilé àti aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ni òun yóò ṣe gbé yìnyín bọ̀, tí ilé kọ̀ọ̀kan yóò sì gba ìpín tirẹ̀. Ó ti di Alàájì tipẹ́, èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ báyìí ni kí wọ́n máa pe òun ní Alàájì Yìnyín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, irínwó ilé ó lé méjìlá ti forúkọ sílẹ̀. Àwọn ará Kemta kì í kọ ohun tí a bá ń pín.

Ó wá ku ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀. Alàájì yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje láti ṣàyẹ̀wò àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́, ìgbìmọ̀ náà sì yan ìgbìmọ̀ kékeré, ìgbìmọ̀ kékeré sì gbé gbogbo rẹ̀ lé Títílọlá lọ́wọ́. Akọ̀wé ni Títílọlá, ọmọbìnrin tó jáde ní yunifásítì tó wà ní Alábàtà. Àléébù tó ní ni pé ó máa ń ka nǹkan dópin. Ó mú ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wá. Ọkọ̀ ti àkọ́kọ́ kéré, kì í gbà ju ọgọ́ta èrò lọ, ó lè wọ àárín omi tóóró lọ títí tí èèyàn yóò fi gbọ́ bí yìnyín ṣe ń sán. Ìkejì tóbi díẹ̀, àwọn onímọ̀ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń ṣàlàyé fún èrò. Ìkẹta tóbi bí àdúgbò kan lódindi, ó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́rin àti ilé eré, ṣùgbọ́n òkèèrè ló ti máa ń wo yìnyín nítorí títóbi rẹ̀. Títílọlá ní ẹni tó bá ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, tó sì jẹ́ pé yìnyín ló ń lọ wò, èyí tó ń súnmọ́ yìnyín ni kó wọ̀.

Alàájì bi í pé ẹni mélòó ló máa kí òun nínú ọkọ̀ kékeré yẹn. Títílọlá ní bóyá àádọ́rùn-ún, tí wọ́n bá ka àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pọ̀ mọ́ èrò. Alàájì mi orí. Àwọn tó ń kí i láàárọ̀ Mọ́ńdè nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó wá parí ọ̀rọ̀ náà ni lẹ́tà. Títílọlá ti fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kẹta lórí kọ̀ǹpútà, kí ó sì tó mú ọwọ́ kúrò, èsì ti dé. “Abdulkabir ọ̀wọ́n, a ti ń retí rẹ. Àlejò pàtàkì ni ọ́ lọ́dọ̀ wa.” Alàájì kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó jókòó, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ún. Wọ́n mọ òun! Lórí òkun lọ́hùn-ún, wọ́n mọ òun! Ohun kan ṣoṣo tó dùn ún ni pé wọn ò fi Alàájì síwájú orúkọ rẹ̀. Mọ́nsúrù ní ìfẹ́ ló fà á, pé ẹni tí ọkàn wa bá fà mọ́ ni à ń pè lórúkọ lásán. Títílọlá fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́, pé ohun kan náà ló ń kọ sí gbogbo ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀, bí ajá onítọ̀hún tilẹ̀ ló forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Mọ́nsúrù ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Wọ́n ṣe férémù fún lẹ́tà náà, wọ́n sì gbé e kọ́.

Oṣù Kejìlá ni Alàájì mú, kó lè dé kí ìgbìmọ̀ ìjọba tó jókòó. Títílọlá ti kà á pé láàárín oṣù Karùn-ún sí Kẹsàn-án nìkan ni àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá ń dé ọ̀dọ̀ yìnyín. Tí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ńlá yẹn gan-an á sá lọ sí àwọn erékùṣù Kàríbíánì, níbi tí oòrùn ti ń mú bíi ti ibí. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: “Tí ọ̀gá bá wọ ọkọ̀ yìí ní oṣù Kejìlá, erékùṣù gbígbóná ni yóò gbé wọn lọ, wọn ò sì ní rí yìnyín kankan.”

Fáìlì náà gba orí tábìlì mẹ́ta kọjá. Ẹni tó wà ní tábìlì kìn-ín-ní ní ọ̀rọ̀ náà ti le jù, ó sọ “wọn ò ní rí yìnyín kankan” di “yìnyín lè má pọ̀.” Tábìlì kejì rántí dókítà tó ní kí ọ̀gá yẹra fún ìbànújẹ́, ó pa ìyẹn rẹ́, ó kọ ọ́ pé ojú ọjọ́ yóò dára. Mọ́nsúrù ló jókòó sí tábìlì kẹta. Ó rí “gbígbóná,” ó fagi lé e, ó fi “ẹlẹ́wà” rọ́pò rẹ̀. Ohun tó dé iwájú Alàájì nìyí: “Tí ọ̀gá bá wọ ọkọ̀ yìí ní oṣù Kejìlá, erékùṣù ẹlẹ́wà ni yóò gbé wọn lọ, ojú ọjọ́ yóò sì dára.” Ó fi bírò aláwọ̀ ewé buwọ́ lù ú.

Títílọlá ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó lọ fúnra rẹ̀. Ó kí ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó tún un kí, ó kí ìyàwó, ó kí ọmọ, ó kí i kú iṣẹ́ ìlú. Nígbà tó máa kí i tán, Alàájì wo aago, ó ní àkókò rẹ̀ ti tó, kó máa kí òun fún àtijáde.

Télọ̀ kan ní Ìtòkú rán kóòtù onírun fún un, tó fi àdìrẹ tẹ́ inú rẹ̀. Ó wúwo débi pé ènìyàn méjì ló ń bá a wọ̀ ọ́. Mọ́nsúrù sunkún ní pápákọ̀ òfurufú títí àwọn àjòjì fi ń bá a kẹ́dùn.

Orúkọ gbogbo ibi tí ọkọ̀ náà máa dé wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí nìkan ni Alàájì kà. Nígbà tó wọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí oòrùn ń mú, ó ní iwájú ni òtútù wà. Lọ́jọ́ kejì, òógùn ti gba inú kóòtù wá sínú bàtà rẹ̀. Ó pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé oúnjẹ, ó bi í pẹ̀lú ohùn ńlá pé yìnyín dà. Ọmọkùnrin náà tẹríba, ó sáré lọ, ó sì gbé e wá fún un nínú ife.

Lọ́jọ́ kẹta, ilẹ̀ yọ. Igi àgbọn ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà yanrìn, lẹ́yìn náà àwọn ènìyàn oníhòòhò tí wọ́n sùn gbalaja sínú oòrùn. Ó rò pé wọ́n ti gbé òun padà sí Badagry. Ìgbà tó ní kí wọ́n ka tíkẹ́ẹ̀tì náà fún òun látòkè délẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ lára. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó dùn ún dé egungun. Ó ro ti irínwó ilé àti méjìlá. Ó ro ti oṣù Kìn-ín-ní. Àánú ara rẹ̀ ṣe é, ẹ sì jẹ́ kó ṣe ẹ̀yin náà díẹ̀.

Ohun kan wà nínú gbọ̀ngàn oúnjẹ ọkọ̀ náà ṣá, ẹja ńlá kan tí wọ́n fi omi dídì gbẹ́ láti fi ṣe ẹwà. Alàájì dúró tì í, ó ní kí wọ́n ya òun, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ìrù rẹ̀ hàn. Fọ́tò náà dé Abẹ́òkúta, inú ìlú dùn. Lẹ́yìn náà ló pe Mọ́nsúrù lórí fóònù, àkọ́kọ́ ìgbà tí yóò bá a sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ dúró de ìkíni.

“Mọ́nsúrù, mi ò rí nǹkankan níbí. Wá áìsì. Èyíkéyìí tó o bá rí.”

Tó bá jẹ́ pé yàrá Alábàtà ń ṣiṣẹ́, wọn ì bá ti di áìsì síbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé Alàájì ni jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ wà. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá máa dé, Mọ́nsúrù rán awakọ̀ lọ ra áìsì, ó ní kó lọ ọ̀nà jíjìn. Awakọ̀ wo epo ọkọ̀, ó wo oòrùn, ó ra mẹ́wàá níbi tó súnmọ́ ọn jù. Wọ́n kó o sínú kúlà funfun ńlá tí wọ́n lẹ àsíá Amẹ́ríkà mọ́, wọ́n sì lọ pàdé ọ̀gá ní pápákọ̀ òfurufú.

Lọ́jọ́ Sátidé, iwájú ilé Alàájì kún. Ilé ìjọba rán obìnrin kan wá, Haleemah ni orúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tó máa jókòó lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó kí Alàájì lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn da Alàájì láàmú. Mọ́nsúrù ṣí kúlà, wọ́n to yìnyín náà sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú sí. Ìrì funfun bò ó, ó ń rú èéfín, gbogbo ènìyàn sì mí kanlẹ̀.

Haleemah ní oòrùn ti ń mú, pé ṣé kò ní dára kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá tútù wọn ní Alábàtà kó má baà yọ́. Alàájì rẹ́rìn-ín, ó ní yìnyín Àlásíkà kì í bẹ̀rù oòrùn.

Ká ní ó pín in lójú ẹsẹ̀ ni, à bá máa pè é ní Alàájì Yìnyín tọkàntọkàn títí dòní. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ojú ìwé mọ́kàndínlógójì. Ó sọ bí ọ̀gá ọkọ̀ ṣe dì mọ́ òun. Ó sọ bí òkè yìnyín ṣe tẹ̀ síwájú díẹ̀ nígbà tó rí òun. Ó sọ ti béárì funfun kan tó fi ẹsẹ̀ méjì dúró kí òun, tó sì tún kí òun nígbà tí òun ń lọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni oòrùn ń gorí tábìlì. Ìrì yọ́, yìnyín mọ́ gaara bíi dígí. Àlùfáà Tawheed, tí wọ́n fi sí iwájú láti ṣàdúà sí i, rí i pé nǹkan kan wà lára rẹ̀ tó jọ ìwé. Òdìkejì ni àwọn lẹ́tà náà kọjú sí, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ogójì ọdún ka ìwé láti ọ̀tún wá sósì, kí ló máa tà á lára? Ó gbóhùn sókè, ó kà á.

“Alàájì A. Adégbóyèga, Ọ̀gá Àgbà.”

Gbogbo ènìyàn na ọrùn láti wò ó. Mọ́nsúrù ló kọ́kọ́ ta jí. Ó dìde tomijé-tomijé, ó ní ẹ ò rí nǹkan, òkúta omi ní òpin ayé ti gba orúkọ ọ̀gá wa mọ́ra, ó ti kọ ọ́ sára! Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Alàájì wo yìnyín náà, omi lé ròrò sí i lójú. Fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, òun náà gbà á gbọ́.

Ìyá Ràhámátù, tó ń ta ẹja tútù ní oríta Kemta, rọra dìde láàárín èrò.

“Alàájì, ọmọ mi, ẹ kú àbọ̀. Áìsì mi nìyẹn. Abọ́ tí ẹ fún wa ni mo fi ń dì í, ó jinlẹ̀ dáadáa, Ọlọ́run á san án fún yín. Awakọ̀ yín ló wá ra mẹ́wàá lọ́wọ́ mi lánàá. Ẹ ṣá sọ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má mu ún, ẹja ló bá a sùn.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó dé iwájú, ó gba orí àwọn àgbààgbà kọjá, Àlùfáà fi àpò ìwé rẹ̀ bojú. Àwọn mìíràn ṣì wá gba ìpín wọn lọ, nítorí oòrùn ń mú, áìsì sì ni áìsì. Haleemah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Alàájì pé kí ló ń dún lẹ́yìn ilé yìí láti àárọ̀. Ó tẹ̀lé ìró náà lọ, ó bá jẹnẹrétọ̀, ó ka ohun tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: YÀRÁ TÚTÙ, ALÁBÀTÀ. Ó yọ bírò.

Kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó parí, Alàájì ti kúrò lórí àga. Ọdún méjì ṣì kù fún un nínú iṣẹ́ ìjọba, wọ́n bá gbé e lọ sí Alábàtà, kó máa ṣọ́ ilẹ̀kùn yàrá tútù. Títílọlá ló tẹ̀lé jẹnẹrétọ̀ padà síbẹ̀, kò kúrò títí tó fi dún, tí wọ́n sì kó adìẹ jáde. Mọ́nsúrù ń sunkún fún ọ̀gá tuntun báyìí, wọ́n ní ẹkún náà tún ti dára sí i. Yàrá náà tutù débi pé Alàájì ní láti lọ gbé kóòtù onírun rẹ̀ jáde. Ó wọ̀ ọ́ lọ́rùn gan-an. Àwọn àgbẹ̀ rí i nínú rẹ̀ láàárín agbọ̀n tòmátì, wọ́n sì ń pè é ní Alàájì Yìnyín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ifáníkẹ́, obìnrin tí tòmátì rẹ̀ ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún tó kọjá, gbé àsáró gbígbóná wá fún un, nítorí tirẹ̀ ò jẹrà mọ́. Inú abọ́ rọ́bà kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kemta fún un ló bù ú sí. Alàájì jẹ ẹ́ tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀, ó dáwọ́ dúró, ó ń wo ìsàlẹ̀ abọ́.

“Ṣé ẹ mọ ẹni tó ni orúkọ yẹn ni, Alàájì?” Ifáníkẹ́ bi í.

Ó ní òun mọ̀ ọ́n rí. Ó na abọ́ náà sí i, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó bu díẹ̀ sí i kó lè bo orúkọ náà.